Bí Ẹ Ṣe Máa Fi Ráútà Pín Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé Yín Kí Ìpè Fídíò Má Baà Máa Já

Ẹnì kan ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fídíò nínú yàrá, lójijì ojú ọ̀gá dúró gbagidi, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í já wẹ́wẹ́. Ohun tí gbogbo ará ilé máa kọ́kọ́ sọ ni pé íntánẹ́ẹ̀tì yìí ò dáa, ẹ jẹ́ ká lọ ra èyí tó yára jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, íntánẹ́ẹ̀tì náà kò ṣe nǹkan kan. Fóònù kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ló ń kó fọ́tò àti fídíò lọ sórí Google Photos tàbí iCloud láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun ló dí ọ̀nà pa.

Ráútà, ìyẹn àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ẹ̀rọ ilé, kò lè fún yín ní Mbps (ìwọ̀n eré íntánẹ́ẹ̀tì) tí ẹ kò sanwó fún. Ohun tó lè ṣe ni pé kó pinnu ẹni tó máa kọ́kọ́ kọjá nígbà tí ọ̀nà bá kún. Orúkọ tí wọ́n sábà máa ń kọ sórí iṣẹ́ yìí nínú ráútà ni QoS. Bí ẹ bá tò ó dáadáa, ìpè fídíò á máa lọ geere bí fóònù orí bẹ́ẹ̀dì náà tilẹ̀ ń kó ẹrù rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá tò ó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń tò ó, ìyẹn kí wọ́n kàn tan QoS kí wọ́n sì fi gbogbo ẹ̀rọ sí ipò kìíní, kò sí ohun tó máa yí padà.

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n

Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà kan mọ́ ráútà ní tààrà. Bí kò bá sí wáyà, ẹ dúró nítòsí ráútà gan-an, kí ẹ sì lo Wi-Fi 5 GHz. Ẹ bẹ àwọn tó kù nílé kí wọ́n sinmi ìlò fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ ṣí fast.com, ojú ìwé tó ń wọn eré íntánẹ́ẹ̀tì; bó bá ka iye download (dátà tó ń wọlé) tán, ẹ tẹ "Show more info". Yóò wọn upload (dátà tó ń jáde) náà, yóò sì fi nọ́ńbà méjì hàn yín lábẹ́ Latency: Unloaded àti Loaded. Àkókò tí dátà fi ń lọ tó sì ń padà nígbà tí ọ̀nà ṣófo ni Unloaded. Loaded ni ti ìgbà tí ọ̀nà kún. Ms ni wọ́n fi ń ka méjèèjì, ms 1,000 ló sì wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ ṣe é láàárọ̀, ẹ tún ṣe é lálẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ti délé. Iye download àti upload tó kéré jù lọ ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe èyí tó wù yín lójú, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ètò tí ẹ rà. Ẹ má ṣe da Mbps pọ̀ mọ́ MB o. Bit ni b kékeré, byte ni B ńlá, bit 8 ló sì wà nínú byte kan. Íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ Mbps 40 kò lè kó ju MB 5 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ wá fi Unloaded wé Loaded. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ ms 20, tí ìkejì sì jẹ́ ms 40, kò sí wàhálà nínú ráútà yín. Bí ìkejì bá fò lọ sí 300 tàbí 800, àìsàn tí QoS lè wò nìyẹn. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá dáa lórí wáyà, ṣùgbọ́n tí ìpè ṣì ń já nínú yàrá, Wi-Fi ni ẹjọ́ rẹ̀. Ògiri ló ń dí i, tàbí kí ráútà jìnnà jù, tàbí kí fóònù ti lọ so mọ́ 2.4 GHz tí gbogbo àdúgbò ń lò. Ẹ gbé ráútà sí àárín ilé, ẹ gbé e sókè, tàbí kí ẹ fa wáyà lọ sídìí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí QoS tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ibi tí ìdádúró náà ti ń wá

Ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ kò ní tẹ bọ́tìnì lásán, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí.

Ẹ wo ẹni tó ń fi àrọ rọ omi sínú ìgò. Ẹnu àrọ fẹ̀, ìdí rẹ̀ rí tóóró. Bó bá ń da omi sí i ju bí ìdí àrọ ṣe lè gbé e lọ, àrọ á kún, ẹ̀kán omi tó bá dé kẹ́yìn á sì dúró de gbogbo èyí tó wà níwájú rẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù yín, ẹ̀rọ tó so ilé mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, gan-an ni àrọ yìí. Ẹ̀rọ inú ilé ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún Mbps da dátà sí i, ọ̀nà tó jáde sí ìta sì lè má ju Mbps 5 lọ. Dípò kí módẹ́ẹ̀mù kọ èyí tó pọ̀ jù, ńṣe ló ń tò ó jọ sínú ara rẹ̀. Bí MB 1 bá ti tò síbẹ̀, tí upload yín sì jẹ́ Mbps 1, ìṣẹ́jú àáyá 8 ni dátà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa fi dúró. Dátà ohùn kò lè fara da ìyẹn. Ìlànà G.114 ti ITU, àjọ àgbáyé fún ìbánisọ̀rọ̀, gbà pé kí ohùn má ṣe lò ju ms 150 lọ lójú ọ̀nà kó tó dé etí ẹni tó ń gbọ́.

Bufferbloat ni Jim Gettys, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, pe àìsàn yìí ní nǹkan bí ọdún 2010. Ní ọdún 2012, Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé ọgbọ́n kan jáde tí wọ́n pè ní CoDel, tó ń ṣọ́ bí dátà ṣe pẹ́ tó lórí ìlà dípò bó ṣe pọ̀ tó. Inú rẹ̀ ni fq_codel àti cake ti jáde, àwọn méjì tí a máa fẹnu bà láìpẹ́.

Ojútùú rẹ̀ kò le. Ẹ ní kí ráútà máa tú dátà jáde díẹ̀díẹ̀, kó lọ́ra díẹ̀ ju bí ọ̀nà ṣe lè gbé e lọ. Nígbà náà, inú ráútà ni ìlà á ti máa tò, níbi tí ọwọ́ yín ti tó o, kì í ṣe inú módẹ́ẹ̀mù tí ẹ kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe fún download pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dátà ti kọjá ibi tóóró kó tó dé ọ̀dọ̀ yín: bí ráútà bá ju díẹ̀ nínú rẹ̀ nù, ẹ̀rọ tó ń fi í ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn á mọ̀ pé òun ti sáré jù, á sì dín eré rẹ̀ kù.

Ẹ wọlé sínú ráútà

Ẹ ṣí bíráwúsà, ẹ tẹ àdírẹ́sì ráútà sí i. 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 ló wọ́pọ̀. Bí méjèèjì kò bá ṣí, ẹ yí ráútà dojú dé, ẹ ka ohun tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Lórí Windows, ẹ lè ṣí Command Prompt kí ẹ tẹ `ipconfig`. Nọ́ńbà tó wà níwájú "Default Gateway" ni ẹ ń wá. Password tí wọ́n fi ń wọ ojú ìwé ráútà yàtọ̀ sí ti Wi-Fi, ara ìwé ìdí ráútà yẹn náà ló sì sábà máa ń wà.

Kí ẹ tó yí ohunkóhun, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Backup sí, kí ẹ fi ètò tó wà níbẹ̀ pa mọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ wò bóyá firmware tuntun (ètò tó ń darí ráútà) wà, kí ẹ gbé e wọlé. Bí ráútà méjì bá wà nílé, ọ̀kan láti ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ìkejì tí ẹ rà fúnra yín, orí èyí tí gbogbo ẹ̀rọ ń gbà kọjá ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ìdajì ilé bá wà lórí ọ̀kan, tí ìdajì wà lórí ìkejì, ọ̀kan nínú wọn kò ní rí ohun tí èkejì ń ṣe, gbogbo ètò yín á dàrú. Ẹ pa Wi-Fi ti àkọ́kọ́, kí gbogbo ilé bọ́ sórí ẹyọ kan.

Ẹ mọ ẹ̀rọ tó wà nílé

Ẹ wá ojú ìwé tó ń jẹ́ Clients, Connected Devices tàbí DHCP List. Ìdajì àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀ kò ní yé yín. Ọgbọ́n tó rọrùn jù ni kí ẹ pa Wi-Fi ẹ̀rọ kan, kí ẹ wo orúkọ tó kúrò lórí ìwé, kí ẹ wá fún un ní orúkọ tó yé gbogbo ilé: "Laptop iṣẹ́", "Tẹlifíṣọ̀n pálọ̀", "Fóònù Màmá". Ẹ̀rọ tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ lé e jáde, kí ẹ sì pààrọ̀ password Wi-Fi. Ó ti ṣẹlẹ̀ pé aládùúgbò ni wọ́n ń tò QoS fún láìmọ̀.

Ibí ni ohun kan ti ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Láti Android 10 àti iOS 14, fóònù ti ń fi àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ) àtọwọ́dá wọ Wi-Fi kí wọ́n má baà máa tọpa rẹ̀. Bí àdírẹ́sì náà bá yí padà, ráútà á rò pé àlejò ló dé, ipò kìíní tí ẹ fi fóònù náà sí á sì bọ́. Lórí Wi-Fi ilé yín nìkan, ẹ wọ ètò Wi-Fi náà lórí fóònù. Lórí iPhone, ẹ pa "Private Wi-Fi Address" tàbí kí ẹ fi í sí "Fixed". Lórí Android, ẹ wá "Privacy", kí ẹ yan "Use device MAC". Lẹ́yìn náà ẹ padà sórí ráútà, ẹ wọ "Address Reservation", ẹ fún ẹ̀rọ tó ṣe pàtàkì ní àdírẹ́sì IP tí kò ní yí padà, bíi 192.168.0.50.

Nọ́ńbà méjì tí gbogbo iṣẹ́ dúró lé

Ẹ tan QoS. Yóò bi yín ní iye bandwidth yín, ìyẹn iye Mbps tí ọ̀nà lè gbé, ti download àti ti upload. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lófo, tàbí tí ẹ kọ 1000 síbẹ̀ nítorí pé ó dùn ún wò, ráútà á rò pé ọ̀nà kò lè kún láé, kò sì ní tò ẹnikẹ́ni.

Ẹ mú iye tó kéré jù tí ẹ kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lo ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Bó bá jẹ́ download 40, upload 8, ẹ kọ 36 àti 7.2. Ráútà mìíràn kbps ló ń bèèrè (kbps 1,000 ló wà nínú Mbps kan), ẹ kọ 36000 àti 7200. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ ti 4G tàbí 5G, tó ń lọ sókè sódò bí wákàtí ṣe ń yí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 80. Ó lè dùn yín pé ẹ fi ìdá mẹ́wàá sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀ jàre, nítorí kò sẹ́ni tó ń rí ìyàtọ̀ Mbps 36 sí 40 lójú, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló ń gbọ́ ohùn tó ń já.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ẹ lè tò, ẹ mú upload. Ibẹ̀ ló tóóró jù ní ilé púpọ̀, ibẹ̀ sì ni ìpè fídíò ti ń kú.

Irú QoS tí ẹ bá níwájú yín

Bí ẹ bá rí SQM, fq_codel tàbí cake, ẹ mú un, kí ẹ má wulẹ̀ wo ẹ̀yìn. Àwọn wọ̀nyí ń pín ọ̀nà láàárín gbogbo ohun tó ń kọjá láìjẹ́ pé ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ kankan sílẹ̀. Dátà kékeré bí ohùn àti géèmù á máa yọ sáàárín, download ńlá á máa dúró díẹ̀. Lórí OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi rọ́pò ètò inú ráútà, ẹ fi luci-app-sqm sí i, ẹ yan ojú WAN (ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé), ẹ yan cake pẹ̀lú `piece_of_cake.qos`, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì síbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí ó pín in dọ́gba fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ṣí download ogún má ṣe borí ẹni tó ṣí ọ̀kan, ẹ kọ `nat dual-dsthost ingress` sí ti download, kí ẹ kọ `nat dual-srchost` sí ti upload. Lórí ráútà eero, "Optimize for Conferencing and Gaming" ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ tàn án, ó parí.

Bó bá jẹ́ "Device Priority" ni ráútà yín ní, bíi ti TP-Link púpọ̀, ẹ̀rọ kan tàbí méjì ni kí ẹ fi sípò kìíní. Laptop tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ láti ilé, àti ẹ̀rọ géèmù bí ó bá wà. Bí mẹ́fà bá wà nípò kìíní, kò sí ipò kìíní mọ́. TP-Link tún jẹ́ kí ẹ yan àkókò, wákàtí 1, 2, 4 tàbí títí ayé. Fún ìpàdé kan ṣoṣo, ẹ lo ti wákàtí kí ẹ má baà gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nínú áàpù Google Home náà, ẹ lè yan ẹ̀rọ kan ṣoṣo fún ìgbà díẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n kì í sábà nílò ipò kìíní. Netflix ní kí ẹ ní Mbps 15 fún fíìmù 4K, Mbps 5 fún 1080p, lóòótọ́ ó ń jẹun, ṣùgbọ́n ó máa ń kó fíìmù pa mọ́ ṣáájú, nítorí náà ìdádúró díẹ̀ kò ní pa á lára. Ìpè Zoom láàárín ẹni méjì kò gbà ju nǹkan bí Mbps 1.2 lọ ní 720p, ìpè ohùn lásán kò sì tó Mbps 0.1. Ẹni tó ń jẹ díẹ̀ yìí gan-an ni kò lè dúró, òun sì ni ipò kìíní tọ́ sí. Géèmù náà kì í jẹ púpọ̀ bí wọ́n bá ń ṣe é lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ń download géèmù tuntun ni ilé máa ń gbóná.

Irú kẹta ni Bandwidth Limiter, tó wà lórí ASUS àti àwọn mìíràn. Ìyẹn ń gé ẹ̀rọ kan sí iye kan, kódà bí ẹlòmíràn kò bá lò ó. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹ̀rọ ará ilé, nítorí bí gbogbo ilé bá sùn, ẹ̀rọ náà á ṣì máa lọ́ra. Ó dáa fún Wi-Fi àlejò. Ó tún dáa fún kámẹ́rà ìṣọ́ tó ń fi fídíò ránṣẹ́ tọ̀sán tòru.

Ẹ dán an wò

Lórí kọ̀ǹpútà tó wà nípò kìíní, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ `ping -t 1.1.1.1`. Lórí Mac, Terminal ni kí ẹ ṣí, kí ẹ sì yọ `-t` kúrò. Ẹ jẹ́ kó máa sáré. Ẹ mú ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ fi fídíò ńlá kan ránṣẹ́ sórí Google Drive. Ẹ wo nọ́ńbà ms tó ń jáde.

Bó bá ti ń rìn láàárín 20 sí 50, tí kò sì fò, iṣẹ́ ti ṣe. Bó bá ṣì ń fò lọ sí 200, ẹ dín upload kù díẹ̀ sí i, kí ẹ tún wò. Bó bá dúró dáadáa, ẹ fi díẹ̀ kún un, títí ẹ ó fi dé ibi tó ti fẹ́ máa fò, kí ẹ sì padà sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan. Ẹ ṣe bákan náà fún download. Ẹ tún padà sí fast.com, kí ẹ wo Loaded.

Bí ọ̀ràn bá ṣì rú yín lójú

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé lẹ́yìn tí ẹ tan QoS, íntánẹ́ẹ̀tì Mbps 500 ja lulẹ̀ sí 150. Ọpọlọ ráútà ni kò tó. Tí QoS bá wà ní títàn, ọ̀pọ̀ ráútà á pa ọ̀nà àbùjá tí wọ́n ń pè ní hardware acceleration, ọpọlọ wọn á máa yẹ dátà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yá tó báyìí lè tò upload nìkan, kó fi download sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé QoS tó ń dá áàpù mọ̀ ni ẹ lò, tí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ sì ń lo VPN, tó ń fi dátà pa mọ́ lójú ọ̀nà, ráútà kò ní mọ̀ bóyá Zoom ni tàbí fíìmù. Ẹ fi ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sípò dípò áàpù. Bí ẹ bá rí WMM (ètò tó ń to ipò dátà lórí Wi-Fi) lábẹ́ ètò Wi-Fi, ẹ fi í sílẹ̀ ní títàn; bí ẹ bá pa á, Wi-Fi lè padà sí eré àtijọ́ tí kò ju Mbps 54 lọ.

Àwọn ohun kan sì wà tí kò yẹ kí ẹ máa bá ráútà jà lórí wọn. Windows lè máa fi update ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti orí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ wọ Settings, Windows Update, Advanced options, Delivery Optimization, kí ẹ pa á. Ẹ ní kí Steam, áàpù géèmù orí kọ̀ǹpútà, máa ṣe update lóru nìkan. Fún fóònù tó ń kó fọ́tò lọ, ẹ so ó mọ́ Wi-Fi nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, kó kó gbogbo rẹ̀ lọ tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí ẹ bá ra ètò tó yára jù lọ́jọ́ iwájú, tàbí tí ẹ bá kúrò ní ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan lọ sí òmíràn, ẹ padà wá sí nọ́ńbà méjèèjì yẹn lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá jẹ́ pé 36 ló ṣì wà níbẹ̀, Mbps 36 ni ráútà máa gbà kó kọjá, ì báà jẹ́ 200 ni ẹ ń sanwó fún.